Gúrámì Màmá Nọ́ọ̀sì: Ẹja Tó Ń Kọ́lé Tí Kò Rọ́mọ Bí

Ẹjọ́ tí Màmá rò fún mi lórí fóònù kò gùn. Ó ní akọ ẹja òun ń kọ́lé, ilé ń wó. Abo rẹ̀ lóyún, kò bí. Ó ní òun gbẹ̀bí ọmọ ènìyàn ní ọsibítù títí òun fi fẹ̀yìn tì, òun kò rí irú oyún tí kì í lọ tí kì í bọ̀ yìí rí. Bódìjà ní Ìbàdàn ni Màmá ń gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà lókè òkun, ẹja inú gíláàsì ló fi ń gbádùn ara rẹ̀. Ó ní kí n wá wò ó, kí n sì jẹun kúrò nílé torí ọ̀rọ̀ ẹja la fẹ́ sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmàlà. Irọ́ ni. Àmàlà ti wà lórí tábìlì kí n tó dé.

Gúrámì aláwọ̀ búlúù ni ẹja náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Trichopodus trichopterus. Àmì dúdú méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan láàárín ara, ọ̀kan nídìí ìrù. Ojú rẹ̀ ni wọ́n kà mọ́ ọn tí wọ́n fi ń pè é ní alámì mẹ́ta. Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti wá, láti àgbègbè odò Mekong ní Thailand, Cambodia àti Vietnam títí dé Malaysia àti Indonesia. Àbàtà ló ń gbé níbẹ̀, àti kòtò omi, àti oko ìrẹsì tí omi bò. Omi ibẹ̀ kì í jìn, kì í sáré, ewé sì máa ń bò ó lójú. Afẹ́fẹ́ kì í pọ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀, ni Ọlọ́run ṣe fi ẹ̀yà ara kan tó ká kórokòro sínú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí gúrámì. Á gòkè wá sójú omi, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹja àrọ̀ tiwa náà ní ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kó tètè kú nínú báàfù ìyá ẹlẹ́ja. Ẹni tó bá fẹ́ kí gúrámì bímọ nílé òun, ojú omi ni kó kọ́kọ́ wò. Mo sọ ọ́ ṣáájú torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé Màmá fìdí sí, àtèyí tó dùn, àtèyí tó dun ni.

Táǹkì pálọ̀ rẹ̀ rẹwà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, fífẹ̀ rẹ̀ 45, gíga rẹ̀ 45, omi sì kún un dé ọrùn. Gúrámì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irú ẹja méjì mìíràn, tiger barb mẹ́fà àti angelfish méjì. Fílítà tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn gíláàsì ń da omi padà láti òkè, omi náà ń sáré láti igun kan lọ lu igun kejì, ojú táǹkì kò sinmi rárá. Kò sí ewé tó léfòó. Òdòdó oníke ló tò sísàlẹ̀.

Màmá gbé ìwé kan fún mi. Nọ́ọ̀sì kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀: ó ti fi rúlà fa ìlà sí i, àárọ̀ àti alẹ́, bí omi ṣe gbóná tó, oúnjẹ tó fún wọn, ohun tó rí. Oṣù Kejìlá la wà nígbà náà, ọyẹ́ ti dé. Láàárọ̀, 23°C tàbí 24°C. Lálẹ́, 25°C, bóyá 26°C. Lábẹ́ ohun tó rí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá lójú ewé lẹ́yìn ojú ewé: "Ìfófó ní igun ọ̀tún. Láàárọ̀, kò sí mọ́."

Ìwé yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn tán. Akọ gúrámì ni í kọ́ ìtẹ́ ọmọ. Á gbé afẹ́fẹ́ mì lójú omi, á pò ó mọ́ itọ́ ẹnu rẹ̀, á tu ú síta ní ìfófó wẹ́wẹ́, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí yóò fi di ìtẹ́ tó léfòó. Itọ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ìfófó tètè bẹ́. Ṣùgbọ́n itọ́ wo ló fẹ́ bá fílítà yẹn jà? Lálẹ́ ni akọ ń kọ́lé, kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á ti gbé e lọ. Tòun ti bẹ́ẹ̀, ẹni tó ta ẹja fún Màmá ní Èkó ti sọ fún un pé àwọn ẹja náà nílò abẹ́rẹ́ oògùn tí yóò mú wọn yé, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fowó ránṣẹ́. Mo ní kó fọwọ́ mú owó rẹ̀ ná. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ló ń gún abo ní abẹ́rẹ́ kó tó lè yé, torí pé àrọ̀ kì í sábà yé nínú páàńdì tàbí kọ̀ǹkéré láìrí àkúnya omi òjò. Gúrámì kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ara bá tù ú, á yé.

Mo ní ká wo lẹbẹ ẹ̀yìn wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ti akọ máa ń gùn, ó máa ń ṣe ṣóńṣó, ẹnu rẹ̀ á nà lọ sápá ìdí ìrù. Ti abo kúrú, orí rẹ̀ sì rí roboto. Màmá gbà pé akọ kan, abo méjì lòun ní, ó tilẹ̀ ń pe èyí tó kéré jù ní ìyàwó kékeré. Ìyàwó kékeré, ọkùnrin ni! Lẹbẹ rẹ̀ ti ṣe ṣóńṣó, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀yìn fílítà ló ń sá sí kí ọ̀gá má baà lù ú pa, kò sì rójú jẹun kó dàgbà. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ó ti yẹ kóun fura, pé ìyàwó kékeré wo ló ń sá fún ọkọ tó báyẹn.

Ohun kan tún wà tí Màmá kò kọ sínú ìwé. Gúrámì ní okùn tín-ín-rín méjì lábẹ́ àyà, lẹbẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kó tó di okùn, òun ló fi ń táràrá nínú omi tó dúdú kó tó fẹnu kan nǹkan. Okùn ọ̀tún akọ ńlá yìí kò ju ìdajì ti òsì lọ, ẹnu ibi tó ti gé sì ṣì funfun. Tiger barb ló ń já a jẹ. Ẹja yẹn kò lè rí ohun tó gùn tó ń mì lára ẹlòmíì kó má fẹnu kàn án. Báwo ni ọkùnrin tí wọ́n ń gé lọ́wọ́ jẹ ṣe fẹ́ jókòó ti ìtẹ́ ọmọ?

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló so pọ̀: omi tó ń sáré lójú, omi tó tutù, àwọn aládùúgbò tó ń jáni jẹ, akọ kejì tó ń kó ọkàn ọ̀gá sókè. Nínú gbogbo rẹ̀, ti ojú omi ni mo kà sí olórí. Gúrámì lè fara da òtútù díẹ̀, ó lè bá barb jà, ṣùgbọ́n kò lè kọ́lé sórí omi tó ń ṣàn.

Màmá ní táǹkì kékeré kan ní kọ́rídọ̀ tó ń fi ẹja tó bá ń ṣàìsàn sí, 60 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, 30 ní fífẹ̀, 30 ní gíga. Òun la fọ̀. Mo ní ká bu omi sí i dé sẹ̀ǹtímítà 15 péré, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi lítà 27. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ fi omi jẹ ẹja níyà. Àmọ́ omi tí kò jìn ló dára fún wọn. Ẹyin tàbí ọmọ tó bá já bọ́ láti inú ìtẹ́, akọ á tètè rí i gbé, ọmọ tí kò tíì lágbára náà kò ní rìn jìnnà kó tó dé òkè. A kò gbé fílítà alágbára débẹ̀. Fóòmù kékeré kan la fi sí igun, tí pọ́ǹpù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nídìí díẹ̀díẹ̀ débi pé èèyàn lè ka èéhó omi rẹ̀. Hítà wà ní 28°C.

Omi bóhò ni Màmá ń lò. Omi ìjọba, nígbà tó bá rántí Bódìjà, máa ń ní kẹ́míkà apakòkòrò nínú, ó yẹ kó sùn nínú garawa kó tó kan ara ẹja. Mo ní kó ṣa ewé igi fúrúùtù (almond) gbígbẹ tó já sílẹ̀ níwájú ilé, èyí tó ti pọ́n dé àwọ̀ igi, tí kò ní ìgbẹ́ ẹyẹ lára, kó fọ̀ ọ́, kó ju méjì sínú omi náà. Lọ́jọ́ kejì omi ti pọ́n bíi tíì Lipton. Igi yìí gan-an ni àwọn tó ń sin irú ẹja yìí ní Éṣíà ń já ewé rẹ̀ sínú omi. Ó ń mú kí omi kan díẹ̀, wọ́n sì gbà pé kì í jẹ́ kí ẹyin tètè bu. Wọ́n ń dì í sínú náílọ́ọ̀nù tà lókè òkun. Ní Bódìjà, àárọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń gbá a dànù.

Ojú oró tí wọ́n ní ó ń lékè omi, ọwọ́ apẹja kan ní Ẹlẹ́yẹlé la ti rí i, níbi adágún tí wọ́n dí sórí odò Ọnà. A kò gbé e tààrà sínú táǹkì. A tẹ́ ẹ sínú báàfù funfun, a ń gbọn gbòǹgbò rẹ̀ títí a fi rí ohun tí mò ń wá: ìgbín omi díẹ̀, àti ọmọ lámilámi kan. Kí lámilámi tó yọ ìyẹ́, inú omi ló ń gbé, ìkà ni: á ju ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta, á fi mú ọmọ ẹja wẹ́rẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo tó ìparun. Ẹni tó bá ń kó ewé omi wálé tí kò gbọn gbòǹgbò rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Oúnjẹ oníkóró ni Màmá ń fún wọn láti ọjọ́ yìí, èyí tó tó fún kí wọ́n má kú, àmọ́ kí ẹyin tó gbó dáadáa nínú abo, ohun alààyè ló ń fẹ́. Mo ní ekòló gígé wẹ́wẹ́, mo ní tanwíjí. Nígbà tí mo dárúkọ tanwíjí, ojú Màmá yí padà.

"Ṣé kí n máa sin ẹ̀fọn nínú ọgbà mi? Èmi tí mo fi ibà ṣe ọ̀tá láyé mi?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ẹja lẹ máa fi pa wọ́n."

Ohun tí a ṣe nìyí: a gbé garawa omi kan tí koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀ sí abẹ́ igi. Nígbà tí ẹ̀fọn ti yé sí i, a fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, a fi rọ́bà dè é pinpin. Ẹ̀fọn ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ẹyin kó tó fò, Màmá sì ń fi asẹ́ kó tanwíjí ní ọjọ́ méjì méjì, kò jẹ́ kí ọ̀kan dàgbà. Èyí tí ẹja kò jẹ tán, ó ń da omi gbígbóná lé e lórí. Mi ò rí ẹni tó fi ìbínú sin oúnjẹ ẹja bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ikùn abo ti yọ débi pé tí o bá wò ó láti òkè, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló tú jáde.

Akọ ńlá la kọ́kọ́ gbé wọ táǹkì kékeré. A fi abo sínú ìgò oníke tó mọ́ gaara tí a ti lu ihò sí lára, a gbé ìgò náà sí inú omi kan náà, kí wọ́n lè rí ara wọn láìfọwọ́ kanra. Ìtẹ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ojú oró lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láàárọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Màmá kọ ọ́ sínú ìwé, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí a tú abo sílẹ̀, mo wà níbẹ̀. Àwọ̀ akọ ti dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di aró. Ó kọ́kọ́ lé abo kiri, ìyẹn sá wọ àárín gbòǹgbò ojú oró, ó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló jáde. Ó lọ bá akọ lábẹ́ ìtẹ́, ó fi ẹnu gún un lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Akọ ká ara rẹ̀ yí i po, ó yí i títí ikùn rẹ̀ fi kọjú sókè, àwọn méjèèjì wá ń gbọ̀n. Ẹyin tú jáde. Kò tó mìlímítà kan ní fífẹ̀, ó mọ́ gaara, òróró inú rẹ̀ ló gbé e léfòó, ó ń gòkè lọ sínú ìfófó fúnra rẹ̀. Akọ fi abo sílẹ̀, ó ń ṣa èyí tó ṣìnà, ó ń tu ú sáàárín ìtẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní wákàtí méjì tí wọ́n fi ń ṣe é, a kò sì lè ka ẹyin náà. Abo tó jọjú nínú irú gúrámì yìí lè yé ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ.

Màmá gbé àga sún mọ́ gíláàsì. Ó ní, "Kò sí ìrọbí kankan! Gbogbo iṣẹ́, ọkùnrin ló ń ṣe é."

Ìgbà tí abo kò lọ bá akọ mọ́, tí akọ sì kọjú ìjà sí i, a fi àwọ̀n gbé e kúrò kíá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù abo wọn. Ní àbàtà, á sá lọ; nínú gíláàsì, kò sí ibi tó fẹ́ sá sí, akọ tó ń ṣọ́ ẹyin á sì lù ú títí á fi kú. Ti Màmá fi ìpẹ́ mélòó kan sílẹ̀, ó yè.

Ẹyin pa lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọmọ rọ̀ sábẹ́ ìfófó, akọ ń gbé èyí tó bá já bọ́ padà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ní ìbú tí wọ́n ń tú ká kúrò lábẹ́ ìtẹ́, a gbé bàbá wọn náà kúrò. Kì í ṣe pé ó burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ti kúrò níbi tó mọ̀, oúnjẹ ló máa ń rí.

Ọmọ gúrámì kéré débi pé oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń tà fún ọmọ ẹja kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí irú ohun wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ lè wà nílẹ̀, kí abo tó yé rárá la ti gbé garawa méjì sínú oòrùn, omi táǹkì àtijọ́ wà nínú rẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ nínú ọ̀kan, ewé létúsì nínú èkejì. Wọ́n kọ́kọ́ rùn, lẹ́yìn náà òórùn náà lọ, omi wá yí sí àwọ̀ ewé. Màmá ń bu ago kan sínú táǹkì láàárọ̀, ago kan lálẹ́. Nígbà tí èyí kò tó, ó se ẹyin adìẹ, ó fi aṣọ fún pupa rẹ̀ sínú omi, ó ń kán ìwọ̀nba. Mi ò fẹ́ràn pupa ẹyin: ìyókù rẹ̀ á jẹrà nísàlẹ̀, omi á bàjẹ́ kí o tó mọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a dá a dúró, a yí sí Artemia, ẹ̀dá inú omi iyọ̀ wẹ́wẹ́ kan tó jọ edé. Ẹni tó bá ń sin ọmọ àrọ̀ ní Ìbàdàn mọ Artemia, inú agolo ni ẹyin rẹ̀ ń wà ní gbígbẹ. Gíráàmù iyọ̀ 25 sínú lítà omi kan, pọ́ǹpù ń fẹ́ ẹ, ní bíi wákàtí 24 yóò pa. A ń fi asẹ́ wẹ́wẹ́ sẹ́ ẹ, a ń ṣan iyọ̀ kúrò, a ń tú u fún wọn. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́, ikùn wọn pọ́n, o lè rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ọjọ́ yẹn ni Màmá pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó lórí fídíò.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yí padà.

Iná lọ lóru, kò dé fún ọjọ́ méjì. Hítà kú. Ọmọbìnrin tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́ ilé rí i pé ìrì omi ti bo gíláàsì ìdérí, ó ṣàánú àwọn ẹja, ó ṣí i kúrò kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí wọn. Fèrèsé kọ́rídọ̀ wà ní ṣíṣí, ọyẹ́ ń fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tẹmómítà omi wà ní 22°C, òkú ọmọ ẹja sì ti tẹ́ lójú omi. Àwọn tó kù ń gòkè, wọ́n ń sọ̀, wọn kò balẹ̀. Ó dìrọ̀lẹ́, ìyókù díẹ̀ ló kù, abẹ́ ojú oró ni gbogbo wọn sì wà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹfà ni ẹ̀yà ara tí gúrámì fi ń mí afẹ́fẹ́ ń gbó lára ọmọ. Kí ó tó gbó, inú omi ló ń mí bí ẹja yòókù. Ìgbà tó bá wá gòkè mu afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi, kó sì ní ọ̀rinrin. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ojú omi àti ìdérí, ara táǹkì ni, ó ṣe pàtàkì tó omi gan-an. Ìrì omi tí ọmọbìnrin náà rí, òun ló ń dá wọn sí. Ọyẹ́ gbẹ, ọyẹ́ tutù, wọ́n sì gbé e mì.

Ẹnìkan tó mọ̀ nípa ẹja sọ pé pupa ẹyin ló bà wọ́n jẹ́. Mi ò gbà. A ti dá a dúró ṣáájú, ìsàlẹ̀ táǹkì mọ́, omi kò rùn. Tó bá jẹ́ omi ló bàjẹ́, àwọn tó wà lábẹ́ ojú oró ì bá kú pẹ̀lú àwọn tó wà níta. Òtútù omi náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, mi ò jiyàn ìyẹn. Méjèèjì ló jọ dé. Màmá kò bá ọmọbìnrin náà wí. Ó ní ní wọ́ọ̀dù, tí wọn kò bá kọ ọ́ sára ibùsùn pé kí wọ́n má ṣí fèrèsé, ẹni tó ṣí i kò jẹ̀bi. Ó wá lẹ bébà mọ́ ìdérí: MÁ ṢÍ I. Mọ́kànlá ló kù.

Òpin oṣù Kẹta la tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀. A kò lo òjò àkọ́kọ́ yẹn, eruku òrùlé ló ń fọ̀. Ti ẹ̀yìn rẹ̀ la gbè, a dà á pọ̀ mọ́ omi bóhò. Òjò máa ń mú omi rọ̀, gúrámì sì mọ̀ ọ́n: nílẹ̀ wọn, ìgbà tí òjò bá ti mú omi kún bo oko ìrẹsì ni wọ́n ń lọ wá ibi tí wọ́n á yé sí. Abo tí a ti fi tanwíjí bọ́ dáadáa kò jẹ́ kí a dúró pẹ́. Ìtẹ́ kejì fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó tó sẹ̀ǹtímítà 20 láti etí kan dé èkejì.

Ìyàtọ̀ wà lókè táǹkì. A fi náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹnu gíláàsì kí a tó gbé ìdérí lé e, a fi àyè tí kò ju ìka kan lọ sílẹ̀ ní igun kan. Fóòmù funfun tí wọ́n fi di tẹlifíṣọ̀n Màmá wálé, òun la gé lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta táǹkì, kí iná tó bá lọ má tètè mú omi tutù. Pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì. Hítà kò ní bátìrì, ó wà lórí ìnfátà fún alẹ́ nìkan. Ìwé Màmá kò tún fi 22°C hàn mọ́. Èyí tó lọ sílẹ̀ jù ni 26°C, ní òwúrọ̀ kan tí iná ti lọ láti àṣálẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ti ń wo ojú omi. O lè rí ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀: ọmọ ẹja tí kò ju èékánná ìka lọ á ta sókè, ẹnu rẹ̀ á kan ojú omi, á fi ìyọ afẹ́fẹ́ bínńtín sílẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan méjì ló ń ṣe é. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ojú táǹkì ń ta gbúgbú.

Wọn kò yè tán. A kò retí bẹ́ẹ̀. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin, ọ̀pọ̀ kò pa, ọ̀pọ̀ kò rí oúnjẹ tó wọ̀ wọ́n lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tó wá kù ni yíyà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé wọn kì í dàgbà bákan náà, èyí tó bá sì tóbi ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ dáadáa á gbé e mì. Asẹ́ iyẹ̀fun la fi ṣe é ní ìgbà àkọ́kọ́, ìyẹn tí ojú rẹ̀ gbòòrò: àwọn kékeré ń gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn ńlá ń dúró. Màmá ń pa omi dà ní ìdámárùn-ún lọ́jọ́ kejì kejì, ó ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á, ó di aṣọ mọ́ ẹnu rọ́bà kó má baà fa ọmọ. Nígbà tí wọ́n tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì, ó kà wọ́n. Wọ́n lé ní ọgọ́ta, àwọn mọ́kànlá àkọ́kọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Lẹbẹ ẹ̀yìn àwọn mọ́kànlá yẹn ti ń fi akọ hàn yàtọ̀ sí abo báyìí. Márùn-ún nínú wọn jẹ́ akọ, wọ́n ti ń lé ara wọn kiri, Màmá sì ti ní láti pín wọn sí táǹkì mìíràn. Ẹni tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bódìjà gba ogójì nínú àwọn kékeré, kò san owó, hítà tuntun kan àti agolo Artemia ló fi pààrọ̀. Màmá ní ó rẹ́ òun jẹ. Mo ní kò rẹ́ yín jẹ, Mà, ẹ ti gbàgbé iye tí ẹ ra agolo àkọ́kọ́.

Ó ti ń bèèrè báyìí nípa gúrámì píálì, Trichopodus leerii, èyí tí àmì funfun wẹ́wẹ́ bò lára. Ìtẹ́ náà ló ń kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tètè máa ń bà á, tí èèyàn bá ń kọjá níwájú gíláàsì, akọ á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kọ́rídọ̀ kò ní dára fún un, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni. Màmá ní yàrá àwọn ọmọ òun ṣófo. A ti wọn ibi tí táǹkì náà yóò gbà, ó ku kí kafíńtà gbé tábìlì rẹ̀ dé.